Ṣokoléètì Tí Pepper Jẹ

Dwight,

Bí o ṣe ń hanrun láàárọ̀ yìí, Pepper jẹ gbogbo ṣokoléètì tí o kó sórí àga fún àwọn ọmọ Halowíìn. Májèlé ni fún ajá. Mo kìlọ̀ lánàá, o ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, kò lè débẹ̀.” Ó débẹ̀. Dókítà ẹranko ti mú kó bì í, kò ní kú.

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Má tan àbẹ́là sínú elégédé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ iwin ọmọ ẹ ń wọ́lẹ̀, iná lè ràn mọ́ ọn. Tọ́ọ̀ṣì ni kó o lò, bó o bá mọ̀ ọ́n tàn.

Dókítà bi mí pé ta ló gbé ṣokoléètì síbẹ̀. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ojú tì mí láti sọ pé ẹni ogójì ọdún ni.

Maureen