Ẹja Aláwàdà Inú Pálọ̀ Wa

Magong, Pénghú,
Ìgbà atẹ́gùn.

Wan-Chen ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àfẹ́sọ́nà rẹ, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Taipei. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle, kí òjò ibẹ̀ má sì kó òtútù bá ọ. Àlàáfíà ni àwa náà wà. Atẹ́gùn ilé ṣì ń fẹ́ bó ṣe máa ń fẹ́. Aṣọ tí mo sá lánàá, àgbàlá aládùúgbò ni mo ti lọ ṣà á.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán. O ní kí n jókòó sórí àga ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí o lè kúnlẹ̀ gbé tíì fún àwa méjèèjì. Nígbà tí mo dákẹ́, o rò pé inú ń bí mi. Inú ò bí mi rárá. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyá tó bí ọ ló ni àga yẹn, kò sì sí láyé mọ́. Ta ni èmi tí n ó lọ fìdí lé e níṣojú àwọn ẹbí rẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ ni ọkàn mi ti ń padà sí ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ilé yìí.

Ṣé o rántí? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà yẹn, olórí kunkun ọmọ. O ò pè mí ní ohunkóhun. Bí o bá ń wá iyọ̀ lórí tábìlì, bàbá rẹ lo máa sọ fún pé kí ó gbà á lọ́wọ́ "ẹni yẹn". N ó rẹ́rìn-ín lójú yín, n ó wá lọ sunkún nídìí ààrò. Àpótí gíláàsì tí ìyá rẹ fi ń sin ẹja wà ní pálọ̀, ẹja aláwàdà kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, aláwọ̀ ọsàn abìlà funfun. Ìyàwó rẹ̀, èyí tó tóbi, ti kú kí n tó dé. Ìwọ nìkan lò ń fún un lóúnjẹ, n kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìdérí yẹn.

Lọ́jọ́ kan o dìde, o ní bí bàbá rẹ bá lè fẹ́ ìyàwó tuntun, kí ó yáa fẹ́ ọ̀kan fún ẹja náà, torí opó ni òun náà. Bàbá rẹ lọ ra ọ̀kan wá, ó sì fara balẹ̀ wá èyí tó bá ti ilé dọ́gba bí ìbejì. O mọ ìṣe wa: ohun rere, méjì-méjì ni, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, ì báà ṣe àwo, ì báà ṣe àbẹ́là orí pẹpẹ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ti ilé ti fa lẹ́bẹ́ àlejò ya. O dúró níwájú gíláàsì, o yíjú sí mi, o ní, "Bó ṣe máa rí nínú ilé yìí náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Síbẹ̀ èmi ni mo bu àlejò sínú korobá, mo gbé e padà lọ bá Màmá Tsai tó ń ta ẹja létí èbúté. O tẹ̀ lé mi. Kì í ṣe tìfẹ́ o. O ò fọkàn tán mi ni. Màmá Tsai gbọ́ ẹjọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó," bó ṣe pè mí nìyẹn, "ìyáálé méjì lẹ kó sínú yàrá kan. Èwo ló máa kúnlẹ̀ fún èkejì?"

Ó wá là á yé wa. Akọ ni gbogbo ẹja aláwàdà ní kékeré. Èyí tó bá tóbi jù ló ń di abo, èyí tó tẹ̀ lé e á sì jẹ́ ọkọ rẹ̀. Bí abo bá kú, ọkọ tó fi sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, òun náà á di abo. Èyí tí à ń pè ní opó nílé ti di ìyá ilé tipẹ́, ọkọ kékeré ló sì ń wá. Ó ní ìtóbi àti ìwà la fi ń mọ̀ wọ́n: kékeré á máa gbọ̀n níwájú ńlá bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, bí ńlá bá ti gbà, kò ní lé e mọ́, wọ́n á jọ máa sùn lójú kan. Ó bu èyí tó kéré jù lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wa, kò ju èékánná lọ.

Lójú ọ̀nà lo bi mí pé, "Tó bá ti di ìyá, ṣé ó ti gbàgbé èyí tó kú nìyẹn?"

Mo dúró. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja lò ń bi mí. Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ fún bàbá rẹ pé ibi tí èyí tó kú máa ń sùn ni èyí tó kù náà ń sùn báyìí. Ẹni tó gbàgbé kì í ṣe bẹ́ẹ̀." O di etí kejì korobá náà mú, a jọ gbé e délé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ń họ ìpẹ́ ẹja nídìí omi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ: "Àǹtí! Àǹtí, ẹ sáré wá, ó ti ń gbọ̀n!" Mo sáré dé pẹ̀lú ìpẹ́ lọ́wọ́. Lóòótọ́ ló ń gbọ̀n, ìyá ilé ń wò ó, kò sì lé e. Àmọ́ n kò rí wọn dáadáa, omijé ti bo ojú mi. O ti pè mí. Àǹtí ni mo ń jẹ́ láti ọjọ́ yẹn, n kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Nígbà tí wọ́n wá yé ẹyin sára ìkòkò àfọ́ tó wà nínú àpótí náà, tí ọkọ kékeré ń fi lẹ́bẹ́ fẹ́ wọn tọ̀sán-tòru, bàbá rẹ ní ojú ọkùnrin ń rí màbo nílé yìí. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an, ọmọ mi.

Mo ti pinnu pé n ó ní kí ẹ gbé fọ́tò ìyá rẹ sórí àga náà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Àfi bí Bọ̀ọ̀dá Kun-Shan, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ṣe yà wá lọ́jọ́ Sátidé. Òun ni yóò wà níjòkòó àgbà lọ́jọ́ náà; bí kò bá tíì fọwọ́ kan oúnjẹ, kò sẹ́ni tó máa jẹun. Ọkùnrin yẹn kì í bá mi sọ ju "ẹ kú ilé" lọ. Mo sọ èrò mi fún un, kó má baà rò pé mo ń du ipò àbúrò rẹ̀. Ó mu tíì rẹ̀ tán pátápátá kó tó dáhùn.

"Ìyàwó, fọ́tò ò lè gba ife lọ́wọ́ ọmọ. Àbúrò mi ò ní fẹ́ kí ọmọ òun na ife síta, kó má rẹ́ni gbà á."

N ó jókòó, Wan-Chen. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: láàárọ̀ ọjọ́ náà, jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síwájú pẹpẹ, kí o bu ife àkọ́kọ́ fún ìyá tó bí ọ, kí èmi dúró lẹ́yìn rẹ. Lẹ́yìn náà kí o gbé tèmi wá, n ó gbà á.

Ilé tí ò ń lọ á tù ọ́ lára. Ọkọ rẹ ò ní fojú rẹ gbolẹ̀. Ọmọ tí o bá bí á pè ọ́ ní ìyá, ọmọ tí o ò bí náà á pè ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ,
Hsueh-Yun.

Àfikún: Má wo ibi tí mo fi gègé pa rẹ́ lókè orúkọ mi. "Àǹtí rẹ" ni mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára.