Ìbọ̀wọ́ Tuntun Tí N Kò Wọ̀

                                        Ojúlé 14, Mọ̀bàlùfọ̀n,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún, 2025.

Mọ́rúfù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Yétúndé ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti ń le lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo gbọ́ pé ìkómọ lọ dáadáa. Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Àwọn aṣọ́lé tí o ń kọ́ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín ní Abẹ́òkúta ńkọ́? Ràmọ́tà ìyàwó mi ń kí yín. Ara tiwa náà le, ọkàn wa ni kò balẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, n kò sì tíì dúpẹ́. Má bínú. Wàá ti rò pé òun ni mo wọ̀ ní Sátidé tí ẹgbẹ́ yín wá bá wa gbá, nígbà tí ìwọ dúró ti ìkómọ nílé. Òun kọ́. O máa ń pè mí ní ahun láti ìgbà tí a ti jọ ń ṣọ́lé ní Ìbefun, òótọ́ lo sì ń sọ. Ìṣirò tí mo ṣe ni pé lórí pápá wa yìí, ìbọ̀wọ́ kì í kọjá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rin ló kù kí eré ọdún yìí parí. Mo ní kí ògbólógbòó ìbọ̀wọ́ mi bá mi parí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí tuntun lè fi odidi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Ní Sátidé náà, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ààbọ̀ eré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ràmọ́tà ti rán ìbọ̀wọ́ àtijọ́ ọ̀hún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti pá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ẹnì kan nínú àwọn tiyín gbá bọ́ọ̀lù kan jẹ́jẹ́, ọmọ ilé-ìwé ì bá mú un. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gba àárín ẹsẹ̀ mi wọlé.  Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn àwọ̀n pé, “Gólì, èló ni wọ́n fún ọ?”

Góòlù kan ṣoṣo yẹn ni ẹ fi nà wá. Láti ìgbà náà, gbogbo ìlú ń sọ pé mo ta eré. Dẹ́rẹ́bà tó gbé páálí rẹ wá ti ròyìn ní gáréèjì pé ẹrù kan wá fún mi láti Abẹ́òkúta nígbà tí eré ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́kadà kan sọ̀ mí kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjagun nígbà tó mọ ojú mi. Lánàá wọ́n ju òkúta lu páànù ilé wa. Méjì ni mo kà, Ràmọ́tà ní mẹ́ta ni.

Kóòṣì wa, Richard, ni mo kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún.  Ó ní, “Sàlàkọ́, o ní ìbọ̀wọ́ tuntun nílé, o wá wọ àkísà wá ṣọ́lé? Ta ni yóò gbà á gbọ́?” 

Alága ẹgbẹ́ wa, Alàgbà Adébóyè, ní kí n wá síwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, kí n mú páálí náà àti fóònù mi dání, kí wọ́n lè mọ ẹni tó pè mí lẹ́yìn eré. Ìdí nìyẹn tí n kò fi pè ọ́. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, n kò ní ṣọ́lé mọ́ títí ayé. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣọ́lé fún wọn. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka tèmi kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Bí mo bá ní ọ̀rẹ́ mi ló fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́, wọn yóò béèrè orúkọ rẹ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ, wọn yóò ní òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó nà wá ló ń fún mi lẹ́bùn. Iṣẹ́ tìrẹ náà lè lọ, ọmọ rẹ kò sì tíì pé oṣù kan.

Àbúrò mi Fatihah ló mú lẹ́tà yìí wá. Jọ̀ọ́, kọ èsì fún un kó tó padà. Bá mi kí màmá rẹ, má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Bébà tí o kọ orúkọ rẹ sí ti kúrò lára páálí. Mo ká a sí mẹ́rin, mo fi sínú ìbọ̀wọ́ tuntun ti ọwọ́ òsì. Òun nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní pé ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ni, kì í ṣe owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí o bá ní kí n má mú un jáde, ibẹ̀ náà ni yóò wà.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀,
Ayọ̀kúnmi Sàlàkọ́.