Ẹ̀rọ Agékoríko Tí Mo Rà fún Màámi

Dádì mi,

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Port Harcourt, ẹ sì mọ bí tibí ṣe máa ń rí. Kéèyàn gé koríko lónìí, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti tún kan orúnkún. Ẹ̀rọ agékoríko yín, èyí tí ẹ máa ń gbé kọ́ èjìká, ti dákẹ́. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, kò dáhùn. Ṣé ẹ̀yin nìkan ló mọ̀ ni? Ẹ kì í kúkú jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án! Ẹ ó wọ ṣòkòtò kọ́sítọ́ọ̀mù yín àtijọ́, ẹ ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú sọ́kìsì, ẹ ó wá rọra máa po ọ́ìlì mọ́ epo bíi nọ́ọ̀sì tó ń po oògùn ọmọdé. Tí ẹ bá ṣiṣẹ́ tán, ẹ̀rọ lẹ máa kọ́kọ́ nù kí ẹ tó mu omi. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọ́n pa ejò lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì Màámi lóṣù tó kọjá. Nígbà tí Bọ̀dá mi gbọ́, ó pè láti Ìbàdàn pé òun ń bọ̀, pé tí òun bá bá ilé nínú igbó báyìí, òun ń gbé Màámi lọ nìyẹn. N kò bá a wí, ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Màámi ò fẹ́ kúrò ní Choba. Ẹ̀yìnkùlé níbí la sin yín sí, Dádì. Ta ló máa fi yín sílẹ̀ fún?

Ni èmi àti Màámi bá lọ sí ọjà Mile One. Ẹ̀rọ méjì ni ẹni tó ń tà á gbé síwájú wa. Owó pọ́ọ́kú ni ọ̀kan, ara rẹ̀ ń dán yọ̀yọ̀, àmọ́ nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n, inú rẹ̀ ń dún wòrò-wòrò. Èkejì wọ́n, ó sì wúwo, irú tiyín gan-an. Ọlọ́jà náà ò tilẹ̀ tàn wá, ó ní ti olówó pọ́ọ́kú yẹn ò ní tọ́jọ́:

"Aunty, I no go lie you. This one na manage. That one, na you go tire before am."

Màámi nawọ́ sí èyí tí kò wọ́n. Ó ní kí n ra ìyẹn, pé òjò mélòó ló tún kù tí òun máa rí.

Háà! Dádì, ó dùn mí dénú eegun. Mo kàn fi ìbínú ra èyí tó wọ́n ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ní bí owó bá ṣe mọ ni oògùn ń mọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Màámi sọ nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi délé: pé alágídí ni mí, pé mo jọ yín.

Láàárọ̀ Sátidé, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Ìró tiyín ló jọ, omijé lé ròrò sójú mi. Mo gé iwájú ilé, mo gé ẹ̀gbẹ́ kíṣìnnì. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ibojì yín, mo rí Màámi tó ń sáré bọ̀, Màámi tí kì í sáré, ó ń ju ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Mo pa ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ya koríko. Agbálùmọ̀ kékeré kan ló wà níbẹ̀, èyí tó ti wà nínú agolo lẹ́yìn kíṣìnnì látọjọ́ yìí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ra ẹ̀rọ ló lọ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní udara bí àwọn ará ibí. Ó ní kí n ṣọ́ra kí okùn tí ẹ̀rọ fi ń gé koríko má bó o léèpo, torí òun fẹ́ jẹ nínú èso rẹ̀.

Agbálùmọ̀, Dádì! Ẹ kúkú mọ iye òjò tó máa rọ̀ kó tó so.

Kí Bọ̀dá máa bọ̀. Mo nu ẹ̀rọ náà kí n tó mu omi.

Èmi ọmọbìnrin yín,
alágídí tó jọ yín.