Ṣíbí Méjì Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ọ̀nà Ilo-Awela,
                                        Sango-Ọ̀tà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Èbìbí, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Màmá Al-Ameen,

Àsàláámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Bàbá Al-Ameen ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú òjò. Àlàáfíà ni a wà níbí, àfi ọ̀nà wa tó ti di ẹrẹ̀. Bàtà la ń bọ́ sọ́wọ́ kí á tó débi tí a ó ti wọ kẹ̀kẹ́.

Màmá ní ẹ ò rí oorun sùn nígbà tí ẹ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ mi, kò sì sẹ́ni tó máa lé mi. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí, torí mo mọ̀ pé Màmá ti bù mọ́ ọn.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń tẹ ìwé tí à ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò nílé iṣẹ́ òògùn wa lọ́nà Igbesa. Wọ́n mú òògùn ikọ́ àwọn ọmọdé le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà ṣíbí méjì tí ọmọ ń mu gbọ́dọ̀ di ẹyọ kan. Mo pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, mo kọ tuntun, mo fún un lórúkọ mìíràn, mo sì kọ "ṣíbí kan" síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n ti ń to páálí sínú ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí Ìyáàfin Àpọ́nlé, apòògùn àgbà wa, ṣàdédé fa ìgò kan yọ, wọ́n sì kà á. Ṣíbí méjì ló wà níbẹ̀! Igbe tí wọ́n ké dé ẹnu géètì.

"Ẹ já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Kò sí páálí kankan tó tíì jáde, alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Ephraim, máníjà wa, ti ní irọ́ ni mo pa, pé n kò tún nǹkan kan ṣe. Mo ṣí fáìlì mi hàn wọ́n: ṣíbí kan. Wọ́n tẹ òmíràn: ṣíbí méjì! Ọ̀gbẹ́ni Ephraim ní kí n máa lọ sílé. Ìyáàfin Àpọ́nlé ló dá sí i: "Ẹ jẹ́ kó wá a kàn. Èmi náà fẹ́ mọ ibi tó ti ń wá."

Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ohun tí mo kọ gan-an ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kà. Kọ̀ǹpútà á fi ohun tí mo kọ ṣe àwọn fáìlì tirẹ̀, á kó wọn sínú fódà kan, ibẹ̀ lẹ̀rọ ti ń mú un. Mo ti pa ti àtijọ́ tí mo kọ rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí kọ̀ǹpútà ti fi ṣe ṣì jókòó sínú fódà, òun lẹ̀rọ sì ń kọ́kọ́ bá. Àṣẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó yẹ kó máa gbá irú rẹ̀ dànù. Silas, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, ló kọ ọ́. Nígbà tí mo kà á dáadáa, mo rí i pé fáìlì tí orísun rẹ̀, ìyẹn èyí tí a fọwọ́ kọ, ṣì wà nìkan ló mọ̀ ọ́n gbá. Èyí tí orísun rẹ̀ ti lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Mo ní kí á kó gbogbo fódà náà dànù, kí kọ̀ǹpútà tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ephraim fò sókè.

"Mùíbátù, abẹ́ẹ̀gì, má dán an wò! Bí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹyọ kan tó ń dà wá láàmú yẹn ni kó o yọ."

Mo ní, "Sà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí tí a ò tíì rí ńkọ́?"

Síbẹ̀, n kò kó ìkókùkó. Mo kọ́kọ́ tú fódà náà wò, àfi bí mo ṣe rí fáìlì kan tí Silas fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sáàárín ti kọ̀ǹpútà: ìwọ̀n ìwé ara ìgò ni. Ká ní mo ti gbá a dànù ni, ẹ̀rọ kì bá tẹ ohunkóhun mọ́. Mo gbé e lọ síbi tó yẹ ẹ́, mo ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pa mọ́, mo wá pa fódà náà rẹ́ ráúráú. Fáìlì àwọn òògùn tí a ò ṣe mọ́ láti ọdún mélòó kan náà bá a lọ. Kọ̀ǹpútà tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ kùn, ìwé jáde. Ìyáàfin Àpọ́nlé gbà á, wọ́n kà á sókè: "Ṣíbí kan."

Mo wá sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ephraim pé níwájú àwọn òṣìṣẹ́ kan náà tí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ lójú wọn ni kí wọ́n ti sọ òótọ́. Wọ́n jáde lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní, "Mùíbátù ò purọ́ o. Èmi ni mo ṣì í sọ."

Gbogbo wa la jọ ń rẹ ìgò sómi gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí à ń fi èékánná họ ìwé àtijọ́ kúrò. Ọ̀gbẹ́ni Ephraim ká apá ṣẹ́ẹ̀tì wọn sókè, wọ́n jókòó tì mí, àwọn náà ń họ. Wọ́n gbé ìgò kan sókè, wọ́n ní:

"Àbíkẹ́yìn mi ń mu òògùn yìí."

Mo ti agbada omi gbóná sún mọ́ wọn.

Ẹ bá mi kí Bàbá Al-Ameen àti gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa nígbà Iléyá.

Èmi àbúrò yín tó ń fi yín yangàn,
Mùíbátù.