Ìyá Ò Gbàgbé Yín

Ilé Alága, Pákò,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1991.

Bùrọ̀dá mi ọ̀wọ́n, Bàbá Àmínà,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé ara yín le? Ìyàwó wa ńkọ́? Àmínà ńkọ́? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò pọ̀jù fún un? Tiwa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òjò rọ̀ dáadáa, ẹ̀gúsí sì so.

Mo gbọ́ pé Bàbá Mùkáílà, àbúrò bàbá wa, ti ránṣẹ́ sí yín pé Ìyá ò dá yín mọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Lóòótọ́, nígbà tí fọ́tò yín dé, èyí tí ẹ dá yà, tí ẹ wọ kóòtù òtútù, Ìyá wò ó títí, ó ní, “Ta ni ọ̀gbẹ́ni yìí?” Mo ní Àkíbù ọmọ yín ni. Ó ní, “Irọ́ ni. Àkíbù wo ló máa dá dúró bí òpó báyìí? Àwọn èèyàn rẹ̀ dà?”

Ó ti ń gbàgbé nǹkan tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ ń ṣìnà ọjà. Ni Bàbá Mùkáílà bá ní orí rẹ̀ ti dàrú, ká gbé e lọ sílé oníṣègùn kan ní Tápà, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn wèrè. Mo sunkún títí.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Èrúwà. Dókítà bi í pé kí lòní, kò mọ̀. Ó bi í pé ọmọ mélòó ló bí, Ìyá wò ó, ó ní, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.” Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọpọlọ ń darúgbó bí orúnkún ṣe ń darúgbó, kì í ṣe wèrè. Ó ní bí wọ́n bá ṣe tọ́ èèyàn ló ṣe ń ronú. Ẹni tó ti ń gbé láàárín agbo láti kékeré, àárín agbo ni iyè rẹ̀ ti ń jí. Ká má jẹ́ kó dá wà.

Nígbà tí a délé, mo yọ fọ́tò Iléyá àtijọ́ tí gbogbo ilé jọ yà lára ògiri, lójú Bàbá Mùkáílà. Ìyá dárúkọ gbogbo wa tẹ̀léra-tẹ̀léra. Ọ̀rinrin ti jẹ ojú yín tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ lé e: “Àkíbù rèé. Òun ló gbé Mùnírátù dání, ẹ̀rù ń bà á kó má já bọ́.”

Bàbá Mùkáílà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ojú. Ó ní, “Ìyá yín ò re Tápà kankan mọ́.”

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀nà ọjà ṣì ń rú u lójú. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ wálé wá jókòó tì í. Ní báyìí, Ìbílọlá, àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ló ń pè mí láràárọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá a jiyàn. Nísinsìnyí, mo ń jẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ a dùn, á wá máa sọ ìtàn ìgbà ọmọge wọn fún mi, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ sọ létí ọmọ rẹ̀ láéláé.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, kí ẹ sì gbá Àmínà mọ́ra fún mi.

Èmi àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín,
Mùnírátù.