Wáyà Orí Bátìrì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Ọ̀rọ̀ ọ́tánétọ̀ yẹn ti yé mi wàyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an, kí ẹlòmíràn tó wá bù mọ́ ọn fún yín.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń dán dáínámò tó ń fún bátìrì ọkọ̀ níná wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó ní kí n já wáyà orí bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, dáínámò dára nìyẹn, ẹ ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ẹ ó bú sórin tí ẹ kì í kọ parí. Gbogbo Èjìgbò ló mọ̀ yín mọ́ iṣẹ́ réwáyà. Àfìgbà tí àwọn ará wa bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ tuntun bọ̀ láti Àbíjàn, tó jẹ́ ọ́tánétọ̀ ló wà nínú wọn dípò dáínámò. Ọ́tánétọ̀ mẹ́ta ló jóná lọ́wọ́ wa. Ti Bàbá Ràfíù, ọ̀rẹ́ yín, ló ṣe ìkẹta. Ọjọ́ náà lẹ wò mí, ẹ ní, "Ọwọ́ rẹ kò bá iṣẹ́ yìí mu."

Mo bínú lọ sí oko ní Ìsúndunrin. Kí n tó padà, ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì ti lọ. Ó dùn mí, Bàbá. Kí ló dé tí n kò tètè wálé?

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jó wọn? Wáyà tí a ń já yẹn náà ni! Ọ̀gá réwáyà kan tí mo lọ bá n'Íbàdàn ló là mí lójú, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Dáínámò lè fara dà á, ṣùgbọ́n bí a bá já bátìrì kúrò lára ọ́tánétọ̀, iná inú rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, á sì jó ara rẹ̀. Mítà tó ń ka agbára iná ni wọ́n fi ń dán an wò.

Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yín padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ràfíù wa ọkọ̀ wọn wá. Wọ́n fẹ́ kó èrò lọ Àbíjàn, iná ọkọ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀rù bà mí. Mo fún bẹ́líìtì tó ń yí ọ́tánétọ̀ le, torí ó ti dẹ̀, mo so mítà mọ́ wáyà, mo sitáàtì ọkọ̀, mo tan gbogbo iná rẹ̀. Márùndínlógójì ni wọ́n kọ sára ọ́tánétọ̀ náà pé agbára rẹ̀ mọ. Mítà gun mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó dúró síbẹ̀, ọ́tánétọ̀ dára nìyẹn. Àfi bí Bàbá Ràfíù ṣe na ọwọ́ sí wáyà orí bátìrì, kí wọ́n bá mi já a, bí wọ́n ṣe ń rí i lọ́dọ̀ yín. Mo yára di ọwọ́ wọn mú. Mo wá ṣàlàyé ohun tó jó ọ́tánétọ̀ wọn nígbà yẹn fún wọn.

Wọ́n ní, "Àṣé ọ̀rẹ́ mi mọṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú, ẹ̀rọ ló yí padà."

Wọ́n ti lọ Àbíjàn, wọ́n ti padà dé, iná kò ṣẹ́jú. Ní àárọ̀ yìí wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín láìsí pé ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n kàn wá kí mi ni. Ara mi fúyẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà fúyẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí ọwọ́ rẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu.