Ẹni Tí Yóò Máa Gbé Bátìrì Lọ fún Ebenezer

Èmi, Alhaji Yésúfù Àjàní Ṣótáyọ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, sájẹ́ńtì tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tí ó ń ṣe bátìrì fún àwọn rédíò ológun àtijọ́, ni mo ń sọ ìfẹ́ ìkẹyìn mi sínú ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ń ríran, etí mi sì ń gbọ́, àní ó ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ mi ń sọ ní pálọ̀ nígbà tí wọ́n bá rò pé mo ti sùn. Dókítà ti sọ bí ọkàn mi ṣe rí fún mi, mo sì ti gbà. Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú mi kọ ìwé yìí, kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ìhágún èyíkéyìí tí mo bá ti kọ ṣáájú, mo ti fagi lé e.

Alhaji Hussain, ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí, àti Tómilọ́lá, lọ́yà ọmọ Ìpẹ̀rú, ni mo fi ṣe alámòójútó. Lọ́yà ti bẹ̀ mí pé kí n yọ ọ̀rọ̀ àbùkù kúrò, nítorí pé wọn yóò ka ìwé náà sókè níwájú ẹbí. Mo dá a lóhùn pé nítorí kí wọ́n lè kà á sókè ni mo ṣe fi í sí i. Bí ó bá yọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó rántí pé ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ Hussain.

1. Ìsìnkú mi. Kí wọ́n sin mí kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. N kò fẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán mi kọ́ sí ìkòríta bí ẹni tí ó fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀. Akóredé, ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, tí ó ń gbé ní Èkó, yóò ní kí ẹ dúró de òun, pé òun ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ má dúró dè é. Èmi tí mo wà láàyè ti dúró dè é tó.

2. Ilé mi. Ilé mi ní Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti Akóredé àti Ikhlas, ọmọbìnrin mi, bí òfin ẹ̀sìn ti pín in. Ohun tí Ọlọ́run ti pín, n kò ní ẹnu láti tún un pín. Òfin yẹn kan náà sọ pé ajogún tí ó ti ní ìpín tirẹ̀ kò tún gbọ́dọ̀ gba ohun mìíràn nínú ìhágún. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní mi nìkan ni mo lè fi ṣe ohun tó wù mí, fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí pé mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ikhlas ti ń fi ojú gé pálọ̀ mi sí yàrá. Ó ti rí bí àwọn onílé ní Ìlíṣàn ṣe ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sínú ihò eku, ó sì ti gbàgbé pé kò sí yunifásítì ní àdúgbò wa. Kí ó máa gé e lọ. Ẹni tí ó bá gba yàrá tí kò ní fèrèsé lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì yẹ ara wọn.

3. Ẹran ọ̀sìn mi. Láídé, aládùúgbò mi, ni ó yẹ kí ó ni ewúrẹ́ mi, nítorí pé inú ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ ni ewúrẹ́ náà ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n Láídé ti sáré gbà láti fọwọ́ sí ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, lọ́yà sì sọ pé ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn. Báyìí ni ó ṣe pàdánù ewúrẹ́ nítorí bírò. Kí wọ́n pa ewúrẹ́ náà ní fìdáù ọjọ́ kẹjọ mi. Ẹni tí ẹ bá rí tí kò ṣe àmín sí àdúà kankan, egungun ni kí ẹ fún un.

4. Gbèsè. N kò jẹ ẹnikẹ́ni. Bí Táyé tí ó ń ta òkúta bátìrì bá wá sunkún pé mo jẹ òun, ẹ kó àwọn òkúta rẹ̀ tí ó wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì mi fún un. Agbára tí ó kọ sí ara wọn, òkúta tí ó tóbi tó ìgò omi pàápàá kò lè ní i. Mo la ọ̀kan nínú wọn, ìyẹ̀fun ni mo bá nínú rẹ̀. Mo tún dé e, mo sì fi í pa mọ́, kí ó lè gba ìyẹ̀fun rẹ̀ padà lọ ṣe búrẹ́dì.

5. Iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nítorí àwọn tí kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí, tí wọ́n sì pọ̀ nínú ẹbí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń ṣe. Rédíò tí sójà ń gbé kọ́ ẹ̀yìn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í lo bátìrì ọjà. Ó ní bátìrì tirẹ̀, èyí tí ó máa ń jókòó sí ìdí rẹ̀ gbáko, àwọn tí ó ń ṣe é sì ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Èyí tí ó ti kú ni mo máa ń wá kiri. Màá là á láìba páànù rẹ̀ jẹ́, màá kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, màá sì to òkúta tuntun tí a lè máa ṣáájì sínú rẹ̀. Màá so wọ́n mọ́ ara wọn ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé títí agbára wọn yóò fi tó èyí tí rédíò náà ń fẹ́, màá wá pa á dé. Bí ẹ bá rí i, ẹ óò rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú bárékè ni. Ooru ni ọ̀tá wọn. Ibi tí òrùlé páànù bá ti ń gbóná, òkúta inú wọn kì í pẹ́ kú.

Akóredé ti fi èrò tirẹ̀ hàn mí. Ó ní kí a máa kó irú rédíò bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe fíìmù ní Èkó, kí àwọn òṣèré máa gbé wọn kọ́ ẹ̀yìn sá kiri inú igbó. Ó ní kí n yọ bátìrì wọn kí wọ́n lè fúyẹ́. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀, mo rí i pé ó fúyẹ́ lóòótọ́.

6. Ebenezer. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe pe lọ́yà wá sílé mi. Ebenezer jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, a sì jọ wà nídìí rédíò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe sójà. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Rédíò kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìkejì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé àṣẹ wọn sì pé. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo máa ń pè é, a ó sì jọ sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, màá gbé bátìrì tí mo ti ṣáájì lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ fún un, màá sì gbé èyí tí ó ti rẹ̀ padà wálé.

Ikhlas ní kí n ra fóònù fún un, kí gbogbo wa lè sinmi. Fóònù tí ó ń wí yìí dán bí àwo. Kò sí ibi tí afọ́jú lè fọwọ́ bà kí ó mọ̀ pé òun dé ibì kan. Ebenezer mọ gbogbo kókó ara rédíò yẹn bí ó ṣe mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí kò bá tilẹ̀ sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ó máa ń tan án sílẹ̀, ó máa ń gbọ́ bí ó ti ń kùn, ó sì máa ń mọ̀ pé ọ̀nà ṣì là. Mo fẹ́ràn Ebenezer. Kò sí ẹni tí mo bá sọ òótọ́ tó o lẹ́yìn tí Ìdíátù, ìyàwó mi, ti lọ. N kò bẹ̀rù ikú, ṣùgbọ́n àyà mi ń já bí mo bá rò ó pé yóò jókòó sínú òkùnkùn rẹ̀, yóò máa pè mí, bátìrì yóò sì máa kú lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo bi àwọn ọmọ mi léèrè ẹni tí yóò máa gbé bátìrì náà lọ. Akóredé ní òun yóò wá ọlọ́kadà kan. Ikhlas ní ṣé bàbá náà kò tí ì kú ni.

7. Hàrúnà. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Òwò obì ni bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́. Èmi sá lọ sí iṣẹ́ ológun nítorí pé n kò lè fara da òórùn inú àká obì. Hàrúnà dúró síbẹ̀, gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sì ti di obì lójú rẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ sí Mẹ́kà, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní ohun kan péré ni kí ó bá mi ṣe, kí ó má jẹ́ kí ooru pa àwọn bátìrì mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ òun nìyẹn.

Mo padà dé, mo ṣílẹ̀kùn, n kò rí bátìrì kankan lórí pẹpẹ. Agbọ̀n obì ni mo rí. Hàrúnà ti fi ewé tútù di bátìrì kọ̀ọ̀kan, ó ti tò wọ́n sínú agbọ̀n, ó sì ti ń wọ́n omi sí wọn lára kí ara wọn lè máa tutù. Wọ́n ti dípẹtà. Àwọn kan ti wú. Hàrúnà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n dúpẹ́. Ó ní òun ń tú ewé wọn wò, òun ń yí wọn padà, kòkòrò ẹyọ kan kò sì wọ inú wọn.

Mo bú u níwájú gbogbo àwọn tí wọ́n wá kí mi kú àbọ̀. Mo pè é ní olódo. Mo ní ọpọlọ rẹ̀ kò tó awẹ́ obì kan. Láti ìgbà náà a máa ń kí ara wa ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n a kò jẹun pọ̀ mọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ nígbà náà, n kò sì ní bẹ̀ ẹ́ nínú ìwé yìí. Ẹni tí ó bá wọ́n omi sí bátìrì, olódo ni.

Ṣùgbọ́n nínú ààwẹ̀ tó kọjá, Ebenezer sọ ohun kan fún mi lórí rédíò, ohun tí Hàrúnà ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ. Ó ní ní gbogbo àkókò tí mo fi wà ní Mẹ́kà, Hàrúnà ni ó ń gbé bátìrì wá fún òun ní Ọjọ́bọ̀. N kò rán an. N kò tilẹ̀ rántí pé ó yẹ kí n rán ẹnì kan. Ó máa ń gun ọ̀kadà, yóò gbé bátìrì lé itan nínú ewé rẹ̀. Ebenezer ní ó ń rùn bí ìsọ̀ obì, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Hàrúnà yóò lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, yóò tẹ rédíò, yóò sì máa sọ iye tí obì wà lọ́jà fún un, títí kan èyí tí àwọn Hausa fẹ́ rà àti èyí tí wọ́n dá padà. Rédíò ológun! Ebenezer ní òun kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ojú òun ti fọ́. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, mo pa rédíò, mo sì sunkún.

8. Nítorí náà, nínú ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó jẹ́ tèmi, mo fi ṣọ́ọ̀bù mi, rédíò mi, ṣájà mi àti gbogbo bátìrì tí mo ti ṣe sílẹ̀ fún Hàrúnà. Mo ti ṣe wọ́n tó, wọn yóò gbẹ̀yìn òun àti Ebenezer. Nítorí pé mo bí ọmọkùnrin, Hàrúnà kò ní ìpín nínú ogún mi, ìdí nìyẹn tí òfin fi gbà pé kí n hágún fún un. Akóredé, mo ti ń ronú tipẹ́ lórí àǹfààní tí ó wà nínú rẹ. Mo ti rí i wàyí, o ṣeun.

Hussain, kí ẹ tó gbé mi kúrò nílé, mú Hàrúnà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òun ni kí ó sọ fún Ebenezer pé mo ti lọ, lórí rédíò, kí ó má gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò. Bí ó bá fẹ́ kọ́kọ́ sọ iye tí obì wà lọ́jà, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́.

Hàrúnà, gbé wọn sí ibi tí atẹ́gùn wà. Má wọ́n omi sí wọn. Bí ọwọ́ rẹ kò bá sì lè ṣe kí ó má fi ewé dì wọ́n, kí ewé náà ṣáà ti gbẹ.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Ẹ̀pẹ́, Ṣàgámù, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Yésúfù Àjàní Ṣótáyọ̀

Àwọn tí ó ṣojú wọn, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i níwájú mi:

Láídé Oyènúgà, aládùúgbò, tí ó ti gbà pé ewúrẹ́ náà ti lọ.

Adésọjí Ògúnmúyìwá, tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́.